Àkùkọ Tí Adájọ́ Kò Gbà

Odomèta, nígbà ọyẹ́

Ìrètíolúwa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ Ẹni tí ó mú wa sùn ní àná tí kò sì gbàgbé láti jí wa ní òní. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Kútọnu? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé Tolúwalàṣẹ ọmọ-ọmọ mi ti ń fi ẹsẹ̀ rìn? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọyẹ́ nìkan ni ó ń mú ìyá rẹ ní orúnkún, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kọrin borí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Orí ìwé ni mo ti kọ èyí sí ọ, nítorí bí mo bá ń gbàdúrà fún ọ sínú fóònù tí o rà fún wa, tí àdúrà náà sì gùn díẹ̀, ojú rẹ̀ a ṣókùnkùn, mo sì mọ̀ pé ó ti sùn lọ kí n tó ṣe àmín. Àwòrán rẹ tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi aṣọ bo fóònù náà bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí òtútù má baà mú ọ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo jókòó láti kọ ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ kékeré, Thérèse àbúrò mi. O rántí pé nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní Kpankou, Firmin àbúrò ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé kí ó kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí oko, pé obìnrin tí kò bí ọkùnrin kò ní ohun tí yóò jogún. Oko tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ṣán láti inú igbó ni. Apẹ̀rẹ̀ aṣọ kan ni ó gbé wọlé sí ọ̀dọ̀ wa. Ní òròòwúrọ̀, tí kùrukùru bá ṣì bo gbogbo ilẹ̀, yóò dúró ní ẹ̀yìnkùlé, yóò máa wo apá Kpankou, bí ẹni tí ó ń gbọ́ bí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti ń wú nínú ilẹ̀ níbi tí òun kò sí. Nígbà mìíràn mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ẹ́, ó sì máa ń ṣe mí bí ẹni pé èmi náà ń gbọ́ ọ.

Ìwọ ni o gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí a lọ sí tìrìbúnà, ilé ẹjọ́ ìjọba, a sì lọ. Nígbà tí ìròyìn kàn wá pé adájọ́ fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá fi ojú rí oko náà, mo múra. Ìwọ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ènìyàn kì í ṣán ọwọ́ lásán lọ bá àgbà tí yóò báni parí ọ̀rọ̀. Mo mú àkùkọ pupa tí ìyá rẹ ti ń bọ́ de ọdún Kérésìmesì, mo fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbé e ka itan lẹ́yìn oníṣẹ́ zẹ́mì lórí alùpùpù rẹ̀, a sì dé Kpankou tòun ti eruku.

Obìnrin kékeré kan ni mo bá lẹ́bàá ọkọ̀ ìjọba, kò lè ju ìwọ lọ ní ọjọ́ orí. Mo kí i, mo sì bi í pé níbo ni bàbá rẹ̀ adájọ́ wà. Akọ̀wé tí ó tẹ̀lé e ni ó sọ fún mi pé òun gan-an ni adájọ́, pé Madáàmù Agathe ni orúkọ rẹ̀. Mo ṣí fìlà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na àkùkọ náà sí i. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi èdè Nàgó wa sọ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú un lọ sílé. Bí mo bá gba àkùkọ yín, ta ni yóò gbọ́ ti ẹni tí kò ní àkùkọ?”

Ọmọ mi, mo gbé àkùkọ náà padà sí abẹ́ apá. Mo rántí Kéènì, ẹni tí Olúwa kò ka ọrẹ rẹ̀ sí, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé a ti pàdánù ẹjọ́ náà. Kò pẹ́ ni Firmin fa àgbò kan dé, obìnrin náà sì dá a padà pẹ̀lú. Àwa méjèèjì wá di Kéènì. Mo wo yíká oko, mo ń wá Ébẹ́lì, n kò rí i. Thérèse nìkan ni ó dúró níbẹ̀ ní ọwọ́ òfo. Adájọ́ sọ fún un pé kí ó máa lọ níwájú kí òun máa tẹ̀lé e, kí ó sọ ohun tí ó mọ̀ nípa igi kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rìn láti ìdí ọ̀pẹ kan dé ìkejì. Nígbà tí ó yá, ọyẹ́ gbé wọn mì, a kò rí wọn mọ́, ohùn àbúrò mi nìkan ni à ń gbọ́ láti inú funfun náà, ó ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ gbin igi.

N kò sọ ìbẹ̀rù mi fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo lá àlá pé àkùkọ náà wọ aṣọ dúdú gígùn, ó jókòó sí ibi gíga, ó sì ń bi mí ohun tí mo fi òun ṣe lọ́dọ̀ adájọ́.

Ọjọ́ ìdájọ́ pé. Madáàmù Agathe wọlé tòun ti aṣọ dúdú bí ti àlùfáà àti aṣọ funfun ní ọrùn, gbogbo ènìyàn sì dìde. Mo wo ara ògiri, n kò rí pátákó orin, nítorí náà mo la ẹnu láti dá orin tí ó wá sí mi lọ́kàn, kí ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà tó fi ọwọ́ kàn mí léjìká pé kí n jókòó. Adájọ́ kàwé ní èdè Faransé, akọ̀wé ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní aya tí ó bá ọkọ rẹ̀ la oko ní ìpín nínú rẹ̀. Ó ní ọmọ ni ọmọbìnrin. Ó ní kí Firmin gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, pé bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tí ó ga ju èyí lọ wà tí ó lè lọ. Ó rọra ń kà á bí ẹni ń ka ìwé Episteli. Fáànù ń yí lókè, ó sì dàbí ẹni pé àjà ilé náà ń ga sí i, tí ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

Ó kàwé tán, ibẹ̀ pa rọ́rọ́. O mọ̀ pé mo ti pẹ́ tí mo ti ń ka ẹ̀kọ́ nínú ìsìn, mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ náà dáadáa. Kí n tó mọ̀, mo ti ṣe “Àmín” ní ohùn tí mo fi ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ilé sì dáhùn. Àwọn ìyá dáhùn, ọlọ́pàá dáhùn, Firmin tí a jọ dàgbà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ sì dáhùn ju gbogbo wọn lọ. Adájọ́ fi ìwé bo ẹnu.

Lábẹ́ igi ní ìta, Firmin wá bá mi. Ó ní, “Àna mi, ẹ mú mi ṣe àmín sí ìdájọ́ ara mi.” Mo fi gbogbo ọkàn sọ fún un pé n kò mọ̀ọ́mọ̀. Ó bi mí bóyá ènìyàn lè gba àmín padà. Mo ronú títí, mo sì dá a lóhùn pé n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣe é nínú Bíbélì. Ó fi ẹsẹ̀ gbá yanrìn. Ó ní tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun kò ní lọ sí ilé ẹjọ́ kankan mọ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà má dé Adakplamè níbi tí àwọn àna òun wà. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìwọ àti ẹgbẹ́ akọrin.

Thérèse ti padà sí oko rẹ̀. Àkùkọ ni ó kù. Ohun tí a ti gbé jáde fún àgbà kò ṣeé dá padà sínú ìkòkò, nítorí náà ẹ̀fọ́ ni a fi ṣe ọdún Kérésìmesì, ìyá rẹ kò sì tíì dárí jì mí. Jọ̀wọ́, bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún àgbàdo àkùkọ náà, nítorí ó ti mọ̀ pé a kò lè pa òun, ó sì ń jẹun púpọ̀. Fún òmíràn tí ìyá rẹ yóò sè ní Àjíǹde. Àti fún ìpara orúnkún rẹ̀.

Kí Olúwa fi ojú rere wo ilé rẹ. Kí ó má jẹ́ kí a lé ọ kúrò níbi tí o ti ṣiṣẹ́. Bí ohùn rẹ bá kéré, kí o rí ẹni tí yóò tẹ̀lé ọ gba àárín oko kọjá láti gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ kí o bá mi ra aṣọ fún Madáàmù Agathe, ṣùgbọ́n mo rántí ọwọ́ tí ó kó sẹ́yìn. Mo ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà òwúrọ̀ wa. Ìyẹn ni kò lè dá padà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ládélé