Ẹ̀dọ̀ Tó Ń Mutí Lẹ́yìn Olúwa Rẹ̀

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, J Close,
                                        5th Avenue, Festac Town,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Wùnmí mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ìlọrin tí o sá lọ? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé Kẹ́hìndé ti ń rìn àbí ó ṣì ń rá kiri? Mo gbọ́ pé orúnkún tún ń yọ Màmá lẹ́nu. Bá mi fi òróró pa á, kí o sọ pé èmi ni mo ní kí o pa á. Ara tèmi le, orí nìkan ni kò pé mọ́.

O rántí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn ni mò ń tọ́ sínú ìgò ní láàbù wa ní Amúwo. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo dán an wò, ẹ̀ẹ̀meje ló kú kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ìkẹjọ ló gbà! Ara kókó tí dókítà gé kúrò nínú ẹ̀dọ̀ Bọ̀dá Jayéọlá, tó ń ta ẹ́ńjìnnì mọ́tò ní Trade Fair, la ti rí i, àwọn fúnra wọn ló sì fọwọ́ síwèé pé ká máa lò ó. Ó ń bí sí i, ó ń rẹ̀ sí i. Nọ́ńbà ló yẹ kí n kọ sára ìgò, ayọ̀ ni ò jẹ́ kí n ronú, mo kọ Jayéọlá gàdàgbà. Láti ìgbà náà ni Bọ̀dá ti ń wá kí ẹ̀dọ̀ wọn ní gbogbo Sátidé. Wọ́n máa ń ra bisikíìtì wá fún un, èmi ni mo sì ń jẹ ẹ́.

Ohun tí à ń wá ni bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń pèsè ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń fọ́ ọtí sí wẹ́wẹ́ nínú ara. Nítorí náà a pín in sí ìgò méjì, Jayéọlá la kọ sára méjèèjì, a fún ọ̀kan lọ́tí, a ò fún èkejì. Bọ̀dá gbọ́, wọ́n lọ fi ṣe àwàdà nílé. Àṣé láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti búra fún ìyàwó wọn, níwájú pásítọ̀, pé ọtí ò ní kan ẹ̀dọ̀ àwọn mọ́ láéláé.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni ìyàwó náà, Àǹtí Bímpé, já wọlé tàwọn ti kúlà oúnjẹ. “Ìmísí, ẹ̀bùrú lẹ wá ń gbà fún ọkọ mi lọ́tí, àbí? Kó ẹ̀dọ̀ ọkọ mi sínú kúlà yìí jàre, à ń lọ sílé!” Wọ́n ní bí mo bá kọ̀, Bọ̀dá á gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí padà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, Wùnmí! Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ wo, ṣé èyí tí mo jókòó tì yìí?

Àwọn náà ló wá rí ojútùú. Wọ́n ní kí n pa orúkọ ọkọ àwọn rẹ́ lára ìgò ọlọ́tí, kí n kọ ti Afeez, ọ̀rẹ́ tó máa ń fa Bọ̀dá lọ mu ọtí ní Agboju. Mo kọ ọ́ lójú wọn. Wọ́n gbàdúrà lé ìgò Jayéọlá, wọ́n pòṣé sí ti Afeez, wọ́n gbé kúlà wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ ò pẹ́ dé Agboju. Lánàá ni Afeez dúró lẹ́nu géètì, fìlà lọ́wọ́. Mo ti múra ìjà. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi béèrè pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣì wà láyè níbẹ̀?”

Irọ́ ò ṣeé pa fún un. Mo ní ìdajì rẹ̀ ti kú láti Ẹtì. Ó dúpẹ́, ó dé fìlà, ó ní kí n bá òun kí ìdajì tó kù.

Ìwọ náà bá mi kí gbogbo ilé.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ń tọ́ ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dọ̀,
                                        Ìmísí.