Ẹni tó ń fi orúkọ mi kọ méèlì

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Múfútáù, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí, mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Ẹ má bínú pé ìta gbangba, nínú ìwé ìròyìn tí gbogbo ayé ń kà, ni mo ti ń kí yín. Ó nídìí.

Òjò ò jẹ́ ká sinmi ní Mòwé. Bàtà lọ́wọ́ ni mo fi ń rìn nínú ẹrẹ̀ dé títì kí n tó wọkọ̀ lọ sí Ìbàfò. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì awọnlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti fi àwòrán ilẹ̀ Bàbá ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n.

A máa ń di méèlì wa, kí ẹni tó bá gbà á lójú ọ̀nà má lè kà á. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wa àti ẹ̀rọ tó ń gba méèlì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí mọ ara wọn. Bátìrì kọ̀ǹpútà àtijọ́ wa ti kú. Bí wọ́n bá mú iná lọ, aago rẹ̀ á padà sí ọdún àtijọ́, ìwé ẹ̀rí tó dára á wá dà bí ẹni pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì tó. Kọ̀ǹpútà á kìlọ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Sister Bọ́sẹ̀, akọ̀wé wa, a máa ní ariwo rẹ̀ ju ti ìyá ọkọ òun lọ, pé kí Alfa Kọ̀ǹpútà, ìyẹn èmi, jọ̀ọ́ fún un lọ́mú kó sùn. Ó ti mọ́ wa lára.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, méèlì kọ̀, ìkìlọ̀ náà jáde. Mo wo aago. Aago pé. A jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí náà gan-an ni ayédèrú, ẹnì kan ti wà láàárín àwa àti ẹ̀rọ méèlì, tó ń ka ohun tí à ń kọ. Mo bi Sister Bọ́sẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkùnrin kan ti wá tún íńtánẹ́ẹ̀tì wa ṣe ni kò ti dákẹ́, òun sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ ní tòun. Ta ló pe ọkùnrin náà? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ̀rọ méèlì a máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́ọ̀gì là ń pè é. Mo wá a kàn. Lọ́jọ́ Iléyá, tí mo dá jókòó sí yàrá mi, tí ọ́fíìsì wà ní títì, ẹnì kan fi orúkọ mi wọlé. Ó kọ̀wé sí Ẹ̀gbọ́n.

Mo pè yín. Ẹ ní ẹ ti gba iṣẹ́ tí mo rán, pé ẹni tí mo ní kó ra ilẹ̀ Bàbá ń bọ̀ ní Sátidé wá gba ìwé ilẹ̀. Mo ní èmi kọ́. Ẹ wá ní èmi náà ni mo kọ ọ́ pé ẹnì kan yóò fi ohùn mi pè yín, kí ẹ má dá a lóhùn. Ẹ pa fóònù. Ẹ̀gbọ́n náà ò gbé tiwọn mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta gbangba.

Mo ń bọ̀ ní Jímọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣáájú mi dé ńkọ́? Mo rò ó pé kí n kọ ohun tí èmi nìkan mọ̀ síbí, kí ẹ lè mọ̀ pé èmi ni. N kò rí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wa ló wà nínú méèlì, ó sì ti kà á tán.

Nítorí náà, ẹ má gba lẹ́tà yìí gbọ́. Ẹ má gba tirẹ̀ náà gbọ́. Ẹ ṣáà jókòó ti ìwé ilẹ̀ náà títí ẹ ó fi fọwọ́ kan ojú mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kò ní í jẹ́ kí àlejò ibi mọ ọ̀nà ilé wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé pátá.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídì