Ẹni Tó Jókòó Tì Mí

Màmá mi àtàtà,

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Wọ́n ní olú ti ń hù lọ́nà oko wa ní Sanson, àmọ́ kò sẹ́ni tó lọ wá a nínú ilé yìí. Mi ò tíì sunkún látìgbà tí ẹ ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì ń dáhùn tí wọ́n bá kí mi. Inú mi kàn ti kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́ ṣe máa ń kú.

Mo ṣì wà lórí mémoire mi, ìwé ìwádìí tí mò ń kọ ní yunifásítì Parakou. Ẹ rántí pé ẹ bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ ta olú tí ẹ ò bá mọ̀ dànù, ẹ wá gbọ́ pé àwọn dókítà òkè òkun ń fi oògùn inú olú kan wo ẹni tí ìbànújẹ́ ti bò mọ́lẹ̀. Ó máa ń ṣí ọkàn onítọ̀hún sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í títí ojú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tó ń jókòó tini yìí níṣẹ́ ni mò ń wádìí. Ẹ̀yin béèrè pé ṣé ìjókòó náà ti di ohun tí à ń gba dípúlọ́mà lé lórí.

Ó ti di bẹ́ẹ̀, Màmá. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, lórí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè tí ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní kí n dáhùn kó tó gba ìwé náà nìyí: ṣé èèyàn lè wà lọ́nà jíjìn kó sì jókòó tini? Mi ò mọ ohun tí màá kọ.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wá gbà kí n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣe ìdánrawò. Kò sí oògùn ńbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnì kan á dùbúlẹ̀, á fi aṣọ bo ojú, ẹnì kejì á máa wò ó láìsọ̀rọ̀. Obìnrin kan ní Kánádà ni wọ́n so mí pọ̀ mọ́. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní yín, mo fi gèlè yín bo ojú. Ó yẹ kí gèlè yẹn ṣe mí bákan. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó. Nígbà tí mo kéré, bí ibà bá mú mi, ẹ kì í béèrè bó ṣe ń ṣe mí. Ẹ kàn máa ń gbé atẹ ẹ̀gúsí yín wá sẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa bó o títí màá fi sùn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìró yẹn ni mo máa ń dúró dè? Mo rò pé ọkàn mi ló ń tàn mí jẹ. Àyà mi dẹ̀, oorun sì gbé mi lọ.

Nígbà tí mo ṣí ojú, iná ti lọ, réseau íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ, kọ̀ǹpútà ti ṣókùnkùn. Mi ò mọ ìgbà tí obìnrin Kánádà náà ti lọ. Gèlè yín tutù. Bóyá òógùn ni, bóyá omijé ni, mi ò mọ̀, torí ooru mú.

Mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ló jókòó síbẹ̀, lórí àpótí yín, pẹ̀lú atẹ yín lórí itan. Bàbá tí kì í yà sílé ìdáná, tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ gidi kan látìgbà tí a ti sin yín. Kò gbójú sókè.

"Bon, ó dáa. Ẹ̀kọ́ rẹ yẹn ti parí?"

Mo ní ó ti parí. Ó ń bó o lọ.

Ìdajì ẹ̀gúsí náà ló fọ́, ẹ̀yin ì bá ti bínú. A sè é bẹ́ẹ̀, a jẹ ẹ́. Ta ló sọ fún un, Màmá? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí òun náà ti ń wò yín láti ìta ní gbogbo ìgbà yẹn?

Mi ò tíì kọ ìdáhùn ọ̀jọ̀gbọ́n. Lọ́sàn-án yìí, Bàbá tún ti gbé atẹ náà jáde. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí, kí n lọ jókòó tì í.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò mọ ẹ̀gúsí bó jù Bàbá lọ.