Ẹni Tó Fi Ẹsẹ̀ Tú Kókó Odò: Ìtàn Ìgbésí Ayé Awọnmi, Àbúrò Wa

Ẹ sún mọ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn. Ẹ fa àga yín wá, kí ẹni tí etí rẹ̀ wúwo jókòó níwájú. Ẹbí ní kí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà, kọ ìtàn olóògbé yìí. Ẹ má bínú bí n kò bá pè é ní “wọ́n”. Ẹni tí mo nu ikun nímú rẹ̀ ni.

Ọdún 1956 ni a bí i, nínú ilé pákó tó wà létí èbúté, tí omi máa ń wọ abẹ́ rẹ̀ lásìkò òjò. Atukọ̀ ni bàbá wa, ọmọ atukọ̀, ọmọ ọmọ atukọ̀. Màmá wa ń tún àwọ̀n ṣe. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú àwa márùn-ún. Kó tó mọ ìwé ló ti mọ kókó títa. Bí màmá wa bá ta èyí tí kò le dáadáa, á ní, “Màámi, ẹja máa gba ibí sá lọ o.” Màmá wa á ní, “Ọ̀gá mi, mo gbọ́.”

Ní 1963 ó wọ ilé ẹ̀kọ́. Ó máa ń pẹ́ dé, nítorí gbogbo omi tó bá rí lójú ọ̀nà ló ń ki igi bọ̀ láti mọ bó ṣe jìn. Tíṣà nà án títí, ó sú tíṣà. Tíṣà yẹn náà ló sọ ọ́ ní Awọnmi, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn ju èyí tí bàbá wa fún un lọ. Ní 1976 ó lọ kọ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀; nígbà tó ṣe tán ní 1979, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀nà omi gbà á.

Ní 1984 ó gbé aránṣọ kan níyàwó. Ìyàwó ní ohun tó fa òun mọ́ra ni pé òun kò tíì rí ọkùnrin tó mọ téèpù lò tó bẹ́ẹ̀. Olúwa fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1998 ni kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì wọn: yàrá kan lókè pátápátá, tábìlì mẹ́ta, fèrèsé tí kò ṣe é tì, báàkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò. Wọ́n ní kó fi gbogbo odò sínú ẹ̀rọ. Mo ní, “Báwo ni omi ṣe máa wọnú ẹ̀rọ tí kò ní bà á jẹ́?” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ rántí àwọ̀n Màámi. Odò kọ̀ọ̀kan, okùn ni. Ibi tí odò méjì bá ti pàdé, n ó ta kókó. N ó kọ ọ́ sára okùn bó ṣe jìn, bó ṣe fẹ̀, ibi tí omi ń ṣàn lọ, àti bí afárá orí rẹ̀ ṣe ga tó. Bí awakọ̀ ojú omi bá sọ ibi tó ń lọ, ẹ̀rọ á tọ okùn láti kókó dé kókó, á fi ọ̀nà hàn án.” Ìgbà yẹn ó ṣì ń kọrin. Ohùn ìsàlẹ̀ ni nínú ẹgbẹ́ akọrin ilé àdúrà wa. Bó bá gbé e, àga á máa gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti 2007. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a má fi í bò lọ́jọ́ òkú òun.

Okùn inú ẹ̀rọ pọ̀ bí irun orí, ọ̀pọ̀ wọn ni orí wọn kò kan ara wọn. Dípò kó máa so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó so orí okùn èyíkéyìí tí kò bá jìnnà síra ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Kí ènìyàn tó mu omi ife kan tán, ẹ̀rọ ti so gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé níbì kan, ògiri tí wọ́n fi sé omi ló wà láàárín odò òkè àti odò ìsàlẹ̀, tí omi ń já wálẹ̀ lára rẹ̀. Ìṣísẹ̀ méjìlélógún péré ni. Ẹ̀rọ ta kókó síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu bolẹ̀, awakọ̀ kan tó fi ọkọ̀ ojú omi kó pákó, tí kò gba odò náà rí, tẹ̀lé okùn yẹn lójú ẹ̀rọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó gba orí ògiri ré bọ́. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọtí ló pa awakọ̀. Ẹni tí kì í mutí! Àbúrò mi wo ẹ̀rọ, ó mọ kókó tirẹ̀. Ó wọlé tọ ọ̀gá lọ.

“Ọ̀gá, èmi ni mo so odò yẹn pọ̀.”

“Ta ló bi ẹ́? Ẹni tó kú ti kú. Ṣé o fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?”

“Sà, torí pé kò lẹ́nu mọ́ lẹ ṣe ń gbé ẹrù mi rù ú.”

Ó lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, ó sọ ọ́ tán. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé; wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pa ọ̀rọ̀ ọtí rẹ́.

Lẹ́yìn náà ó lọ bá opó awakọ̀ náà, èmi ni mo sìn ín lọ. Obìnrin náà ń fọ abọ́ níwájú ilé. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, ó da omi abọ́ nù, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, àbúrò mi ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn: “Ẹ kú ilé o, mà.” Kò dá a lóhùn rí.

Láti 2008 ló ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbogbo kókó tí ẹ̀rọ ta kiri: ẹgbẹ̀jọ ó lé mẹ́rìnlá. Abẹ́rẹ́ ìyàwó ló ń bọ́ ilé. Ọ̀pá lọ́wọ́, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ìwé nínú ọ̀rá kí òjò má bàa pa á. Ibi tí omi bá ti pàdé omi lóòótọ́, á sàmì sí i. Ibi tí kò bá ti pàdé, ó di títú. Mọ́kànlá ló jẹ́ irọ́. Ọ̀gá tuntun tó dé ilé iṣẹ́ ní 2013 ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tún wọn ṣe nínú ẹ̀rọ. Ní 2016 ló wo èyí tó kẹ́yìn. Ó wá ń jókòó ní èbúté, ó ń kọ́ àwọn awakọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: “Ẹ gba ẹ̀rọ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ yọjú wo iwájú.”

Kò kọrin mọ́. Ìjókòó ẹ̀yìn ló ń jókòó sí nílé àdúrà. Mo dá orin sí i létí títí, kò gbè é.

Ní 2024 ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí ń gé e. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ikú awakọ̀ pé, kò lè dìde. Ó rán mi. Mo lọ, mo kí, mo padà dé. Ó ní, “Àǹtí mi, ṣé ó dáhùn?” N kò purọ́ fún un. Mo ní, “Rárá.” Ó kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láago mẹ́wàá àárọ̀, ó lọ. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Omi ò lẹ́sẹ̀, omi ń rìn,
Ọ̀nà odò ò lẹ́nu, ó ń pe ni.
Àbúrò mi tó ń wọn omi,
Èwo lo tún lọ wọ̀n o, tó ò dágbére?

Ó fi ìyàwó rẹ̀ aránṣọ sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, káfíńtà, àti àbíkẹ́yìn tó ń wa ọkọ̀ èrò lórí omi. Ọmọ ọmọ méje. Àti èmi. Ọmọdé ló yẹ kó sin àgbà. Èyí ṣẹ́rí padà sí mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹta tó kú, opó awakọ̀ wọlé tọ̀ wá, ìkòkò ńlá lórí. Kò jókòó.

“Ta ló máa dáná fún àwọn tó ń bọ̀ wá sìnkú?”

Aránṣọ ní, “A ò tíì wá ẹnì kankan, mà.”

“Èmi ni. N ò dá a lóhùn rí, n ò sì ní wá purọ́ níbí pé ó ti tán nínú mi. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ sọ ọkọ mi di ọ̀mùtí. Lónìí, bí mo bá ń kọjá ní èbúté, wọ́n á ní ìyàwó ọmọlúàbí ló ń lọ yẹn. Ẹni tó bá mi gba orúkọ yẹn padà lẹ fẹ́ sin. Igi ìdáná yín dà?”

Nítorí náà, ẹ̀yin olùbánikẹ́dùn, bí a bá ti bo ilẹ̀ tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yà sọ́nà láìjẹun. Ọwọ́ obìnrin yẹn ni oúnjẹ òní ti wá. Ẹ jẹ, ẹ tún bù sí i, ẹ kí i kú iṣẹ́. Kí Olúwa má fi irú èyí ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín, kí olúkúlùkù padà sílé ní yíyó, kí ó bá ilé ní àlàáfíà.

Awọnmi, ọmọ atukọ̀, sùn re o.