Koríko tí Mo Tẹ́ Sórí Orúkọ Àǹtí Euphemia

                                        Ọ̀nà Ìjọ Onítẹ̀bọmi,
                                        Treasure Beach,
                                        St. Elizabeth, Jàmáíkà.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Icilda ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú òtútù ìlú Birmingham. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti ń gbọ́ oògùn? Búrọ̀dá Fitzroy ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá tẹlifíṣọ̀n jà bí wọ́n bá ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì? Mo kí Shanique àti ìwé nọ́ọ̀sì tó ń kà. Àwa náà wà láàyè níbí. Òjò ti dá, oníkálukú ti gé koríko gbígbẹ bo ebè àlùbọ́sà eléwé rẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi ilẹ̀ tán. Ara Ọ́ńkù Linval le, ewúrẹ́ wọn sì ti di mẹ́sàn-án.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ya á. Ojú ń tì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun kan wà tí mo fẹ́ tọrọ, ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè fún mi, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe níbi ibojì màmá yín, Àǹtí Euphemia.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa mú àwọn òyìnbó tó fẹ́ ra ilé ìsinmi káàkiri. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá mi fa tọkọtaya Pruett lé mi lọ́wọ́. A dé Kingston, ọkọ ní ooru ibẹ̀ pọ̀ jù. A dé Montego Bay, ìyàwó ní ariwo ọkọ̀ òfuurufú ò jẹ́ kí òun gbọ́ ìró òkun. Ilé mẹ́fà ni wọ́n wò ní Negril, wọn ò fẹ́ ìkankan, nítorí àwọn àlejò bíi tiwọn ló kún ibẹ̀. Ọ̀gá mi sì ti ṣèlérí pé bí mo bá lè rí ilé tà fún wọn, èmi ni olórí ọ́fíìsì tuntun wa. Bí mo ṣe la ẹnu nìyẹn, mo ní mo mọ ilẹ̀ kan tó dákẹ́ rọ́rọ́, tó dojú kọ òkun.

Ilẹ̀ ẹbí wa ni. Mo mọ̀ pé a kì í tà á. Mo mọ̀ pé okùn ìdodo gbogbo wa wà lábẹ́ àwọn igi ibẹ̀, àti pé ọmọ tí a ò tíì bí pàápàá ní ìpín níbẹ̀. Mo kàn ń tan ara mi ni, pé wọ́n á wò ó lásán, pé bí wọ́n bá sì fẹ́ ẹ, ẹbí á gbọ́ra wọn yé.

Àmọ́ òyìnbó kì í fẹ́ ra ilẹ̀ tí ibojì wà láàárín àgbàlá. Nítorí náà mo ṣáájú wọn débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kó koríko gbígbẹ láti orí ebè Ọ́ńkù Linval, mo tẹ́ ẹ sórí orúkọ màmá yín lójú sìmẹ́ńtì ibojì náà títí kò fi sí lẹ́tà kan tó hàn. Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Ọ́ńkù béèrè ohun tí mo ń ṣe, mo ní oòrùn ń la sìmẹ́ńtì náà.

Àwọn àlejò dé, inú wọn ń dùn. Ìyáàfin Pruett ní kí ni pẹpẹ sìmẹ́ńtì yẹn wà fún. Mo ní ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti máa ń sá èso pìmẹ́ńtò. Ló bá jókòó sórí rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ń mu omi àgbọn. Ọkọ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni àwọn máa gbẹ́ odò ìwẹ̀ sí, àwọn á sì fọ́ sìmẹ́ńtì náà dànù. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìgbà yẹn ni Ọ́ńkù gbé ẹja sísun àti bámì ẹ̀gẹ́ dé. Ẹ mọ ìṣe wọn, wọn kì í dé fìlà kọjá níbẹ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n ní, "Euphie, a lálejò o." Ìyáàfin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń kí níbi ìsá pìmẹ́ńtò. Ọ́ńkù wo koríko, wọ́n wò mí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Tèmi ò pé wákàtí méjì.

"Ẹ má dá mi lóhùn, màdáámù," ni Ọ́ńkù wí. "Ogbó ló ń dà mí láàmú. Bí ọmọ wa ṣe sọ ọ́ náà ni. Ibi ìsá pìmẹ́ńtò ni."

Bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, díákónì tí a ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu wọn rí, purọ́ lórí ibojì àbúrò wọn kí ojú má baà tì mí níwájú àlejò. Mi ò lè gbé e mì. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún ìyáàfin náà pé ibojì ni, pé àǹtí tó tọ́ mi dàgbà ló wà níbẹ̀, àti pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà. Ó fò dìde, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Kí ló dé tí o fi jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀?" Wọ́n ti ra ilé sí Ocho Rios báyìí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀gá mi ò sì bá mi sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ.

Ọ́ńkù ò pariwo lé mi lórí. Wọ́n pọn omi, àwa méjèèjì fọ ibojì náà. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Marva, ibi tí ọkùnrin yẹn ń wọ̀n, ṣé o mọ ẹni tó ni ín?"

Mo ní rárá.

"Ìwọ ni. Euphie ló ní ká fi í sílẹ̀ dè ọ́. Ó ní láti kékeré lo ti máa ń bẹ̀rù àtidá sùn, pé tí ọjọ́ bá pé, ká tẹ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ òun."

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, mi ò sun irú rẹ̀ nígbà tí a sin wọ́n.

Kérésìmesì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a ó sì fi ẹfun kun àwọn ibojì. Láti ọdún tí màmá yín ti lọ, èmi ni mò ń kun tiwọn dípò yín. Lọ́dún yìí, Ọ́ńkù ti gbé ike ẹfun náà wọ yàrá wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní fún mi, àfi bí Icilda bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu èmi fúnra mi, tó sì ní kí wọ́n fún mi. Ohun tí mo ń tọrọ nìyẹn. Mi ò ní kí ẹ gbàgbé. Bí ẹ bá sì ní rárá, ẹ̀tọ́ yín ni, n ó dúró sẹ́yìn ọgbà nígbà tí ẹlòmíràn bá ń kùn ún.

Ẹ bá mi kí Búrọ̀dá Fitzroy àti Shanique, bí ẹ bá rò pé ó yẹ kí wọ́n gbọ́ orúkọ mi. Ọ́ńkù ní bí èsì yín bá dé, ẹ̀gbẹ́ ibojì ni kí n ti kà á sókè, ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀, kí màmá yín gbọ́.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ tí màmá yín tọ́,

Marvalyn.