Ẹni Tó Kù Sílé Nígbà Tí Wọ́n Sé Odò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ilé. Mo nírètí pé ara rẹ le bí lẹ́tà yìí ṣe ń tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, àti pé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́. Èmi náà wà láàyè. Pákó ni mo ṣì ń rẹ́, ayùn kò tíì rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Jọ̀ọ́, wá ibi jókòó kí o tó ka ìyókù.

Ìwọ náà mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń wí pé òun fẹ́ fojú kan ìsédò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi omi bo abúlé wọn lọ́dún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn, nígbà tí òun wà nílé ìwé. Gbogbo ìgbà tó bá ti sọ ọ́ ni Bọ̀ọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa, máa ń dáhùn pé, “Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ṣé ẹja ni?” A óò sì rẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí Bọ̀ọ̀dá ṣe lọ gba oògùn ojú rẹ̀, ìyá rẹ ní kí n wọṣọ ká máa lọ.

Ìsédò náà kọjá ohun tí mo lè fẹnu sọ. Ògiri sìmẹ́ńtì tó ga ju ilé alájà ogún lọ! Bí o bá dúró sórí rẹ̀, omi ló wà lápá ọ̀tún títí ojú kò fi tó o mọ́, ọ̀gbun ló wà lápá òsì. Wọ́n dé wa ní akoto, wọ́n mú wa sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí omi ti ń yí àwọn ẹ̀rọ amúnáwá, ariwo wọn ń mì mí léyín lẹ́nu. Ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri ní ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ ọ, òṣìṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kú sí i, abúlé mẹ́sàn-án ni wọ́n sì kó kúrò. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìjókòó inú ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà la wọ yàrá tí wọ́n kó àwọn fọ́tò àtijọ́ sí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó tóbi bí ilẹ̀kùn: omi lọ rẹrẹ, páànù ilé kan yọ lójú omi, obìnrin kan jókòó sórí rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ jọ. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Olóríkunkun ìkẹyìn.” Ọmọbìnrin náà ní, “Màmá yìí ló lágídí jù! Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò lọ. Ẹ ò rí i, bí adìyẹ lórí páànù!” Gbogbo àlejò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ìyá mi nìyẹn.”

Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ibà ló pa ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n kó wọn lọ. Bọ̀ọ̀dá ló sọ bẹ́ẹ̀, òun ló sì fi sàréè hàn án. Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà, ó sáré gbé ìwé ńlá kan jáde, tí wọ́n kọ àwọn ilé abúlé náà sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ká lè wá tiwọn. Ní iwájú ilé wọn, wọ́n kọ ọ́ pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀ mọ́, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn irin ìsédò kí omi lè kún. Ẹni kan fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ kò ka orúkọ náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn ni Bọ̀ọ̀dá fi ń kọ lẹ́tà sí i nílé ìwé.

Bọ̀ọ̀dá ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Ìyá rẹ kò kí i. Ó ní, “Ta ló wà nínú sàréè tí mo ń tún ṣe lọ́dọọdún?”

Bọ̀ọ̀dá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, “Kò sẹ́nì kankan.”

Ó jẹ́wọ́ pé akọ̀wé lòun láàárín àwọn tó ń yẹ ilé wò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lòun fi bẹ ìyá wọn. Ọ̀gá ní bí ìdílé akọ̀wé kan bá dá iṣẹ́ dúró, kí akọ̀wé náà máa lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó fọwọ́ sí i. Ó rò pé bí omi bá dé ẹnu ọ̀nà, ìyá á jáde fúnra rẹ̀. Àmọ́ omi yára ju bí wọ́n ṣe wí. Orí òkè lọ́hùn-ún ni ayàwòrán ti ya fọ́tò yẹn; kò sẹ́ni tó ní ọkọ̀ ojú omi.

Ìyá rẹ ní, “O pa ìyá mi nítorí iṣẹ́ akọ̀wé.” Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ kó pe Bọ̀ọ̀dá ní “o” rí. Ó dun ọkùnrin náà ju ẹ̀sùn ọ̀hún gan-an lọ. Ó dìde, ó na ìka sí i.

“Ìwọ ló pa á! Ó ní òun ò ní kúrò àfi bí o bá dé, kí o má baà wá bá ilé ní títì. Mo ní mo ti ránṣẹ́ sí ọ. N kò ránṣẹ́, ìdánwò rẹ ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìwọ ló jókòó dè!”

Ìyá rẹ rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo bá Bọ̀ọ̀dá ní yàrá rẹ̀, mo bi í bóyá òótọ́ ni àbí ìbínú ló mú un sọ ọ́. Ó ní, “Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Àbúrò mi ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì.”

Ìyá rẹ kò lé e jáde. Ó ń se oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń gbé e fún un kó tó gbé tèmi. Àmọ́ ó máa ń di ṣíbí mú, á jókòó dojú kọ ọ́, á bi í ní ìbéèrè kan: Aṣọ wo ni ìyá wa wọ̀? Ṣé ó ti jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà? Ṣé ó pariwo? Bí kò bá dáhùn, kò ní jẹun. Ọkùnrin náà ti rù. Mo fẹ́ dá sí i, ìyá rẹ ní kí n padà sídìí pákó mi.

Bọ̀ọ̀dá ní kí n kọ̀wé sí ọ, kí o wá mú òun lọ sọ́dọ̀ rẹ. Òun ló rán ọ nílé ìwé nọ́ọ̀sì, n kò gbàgbé. Ìyá rẹ sì ni ìyá rẹ. N kò ní sọ ohun tí wàá ṣe fún ọ. Èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ibi tí o bá ti ń tọ́jú ẹlòmíràn, kí tìrẹ náà má bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ. Wàá pẹ́ fún wa.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Káfíńtà.

Àfikún: Ìyá rẹ gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ mi, ó kà á kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní kí o wá, ojú rẹ ń yun òun. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni wàá padà. Ó ní ìbéèrè òun ṣì pọ̀.