Bí Mo Ṣe Dínà Mọ́ Akọ̀wé Lórí Ráútà Ilé Wa

                                        Ilé Kejìlá, Àjà Kẹta,
                                        Òpópónà Ilé Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá jù lọ èyí tó máa ń gé mi níka jẹ? Orúnkún tó ń dun ìyá rẹ, ṣé ó ti rọlẹ̀? Bí o bá ń béèrè tiwa, a wà, ara le. Ẹnu mi náà ṣì mú bí o ṣe mọ̀ ọ́n, òun ló sì fa lẹ́tà yìí. Mo ti ṣe ohun tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, ìwọ nìkan ni mo rí sọ ọ́ fún.

O mọ̀ pé inú ilé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù tó kọjá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ojú mi á dúró gbagidi lójú àwọn ọmọ náà, ẹnu mi á là sílẹ̀, ojú kan á ṣí, èkejì á pa dé. Ọ̀kan nínú wọn ya àwòrán ẹnu lílà yẹn, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì. Ìyá ọmọ kan tilẹ̀ pè mí, ó ń béèrè bóyá ara mi yá.

Mo pa ráútà, mo tún un tàn. Mo gbé e kúrò lẹ́yìn fìríìjì lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo pe iléeṣẹ́ tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wa, obìnrin kan ní kí n pa á kí n tún un tàn, bí ẹni pé mi ò ní ọpọlọ. Ìgbà tó yá ni mo wá ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ohun tó ń wọlé ló pọ̀ jù, ohun tó ń jáde ni. Ẹnì kan nínú ilé ń kó fáìlì ńláńlá ránṣẹ́ síta láìsinmi, ọ̀nà ti kún, àwa yòókù ò sì ráyè kọjá. Mo ṣí ojú ìwé ráútà lórí fóònù mi, mo wo orúkọ àwọn ẹ̀rọ tó ń lò ó. Orúkọ kan ló gba gbogbo rẹ̀: AKOWE.

Akọ̀wé ni àbúrò ọkọ mi, àbíkẹ́yìn ilé. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn nígbà tí mo wọlé ọkọ, torí pé bírò kì í kúrò létí rẹ̀. Kò tíì ríṣẹ́, fíìmù ló ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Ẹnu mi ń pè é ní ẹ̀yin, inú mi ń pè é ní ìwọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn nígbà tí mo rí orúkọ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹ̀sùn tí mo máa kà sí i lẹ́sẹ̀.

Ráútà náà ní ibi tí èèyàn ti lè ní kó pín ọ̀nà fún gbogbo wa lọ́gbọọgba, kí ẹnì kan má pa ẹnì kejì lára. Mo rí i, mo sì fò ó. Akọ̀wé nìkan ni mo dínà mọ́. Èyí tí mo fi sílẹ̀ fún un ò ju omi tó ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ lọ. Mi ò sọ fún un, torí mo fẹ́ kó jìyà kó má sì mọ ibi tó ti wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kíláàsì mi dán mọ́nrán.

Ní àkókò yẹn kan náà, Bàbá ọkọ mi ní ìṣòro tiwọn. Inú kọ̀ǹpútà wọn ni gbogbo fídíò Màmá, ìyá ọkọ mi, wà, èyí tí wọ́n ń yà lọ́dún tí Màmá fi ṣàìsàn kí wọ́n tó kú. Igba fídíò ó lé, kò sì sí níbòmíràn. Kọ̀ǹpútà náà ti ń dún gìrìgìrì. Ẹni tó ń tún un ṣe ní kò dá òun lójú pé ó máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ihò tí wọ́n ń ki fílááṣì sí sì ti kú, àfi kí Bàbá yáa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ wọn obìnrin tó wà lókè òkun. Mo mọ̀ pé Bàbá ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ Akọ̀wé ni mo rí, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Bàbá wá bá mi. "Ìyàwó mi, bá mi wo nǹkan yìí. Lánàá ó ní ó ku ọjọ́ méjì. Lónìí ó ní ó ku ọgọ́rin ọjọ́."

Mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ní, "Bàbá, ẹ bi ọmọ yín. Òun ló ń fi fíìmù gba gbogbo ọ̀nà."

Wọ́n pe Akọ̀wé. Ó búra, ó pa fóònù rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì níwájú wa. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní géńdé tí kò níṣẹ́, ìbúra nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó tẹrí ba, ó jáde. Lọ́jọ́ kejì tí mo rí i tó tún ń wo fíìmù rẹ̀ geere, mo tún dín ọ̀nà náà kù sí i. Ó yẹ kí n ronú nígbà yẹn. Ìkà ò jẹ́ kí n ronú.

Bàbá gbé àga síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Lọ́jọ́ kẹfà, ó dún kẹ́rẹ́, ó sì dákẹ́. Fídíò kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò ló ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn; ìyókù tí wọ́n dì pọ̀ ò dé tán. Bàbá ò pariwo. Wọ́n bá Akọ̀wé ní pálọ̀, wọ́n ní, "Ìwọ lo pa ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la ṣú bá ọ nílé yìí."

Lẹ́yìn náà ni mo padà sórí ráútà láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Orúkọ náà ò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ Akọ̀wé ń bẹ nínú yàrá pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ẹni tó ń wo fíìmù kì í fi nǹkan ránṣẹ́ síta. Mo ṣe bí ẹni ń ṣeré, mo bi ọkọ mi pé ta ló ra kọ̀ǹpútà fún Bàbá. Ó ní Akọ̀wé ló fún wọn, kí wọ́n lè rí nǹkan máa kó fídíò Màmá sí. Ó ní tiẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó tiẹ̀ kọ orúkọ tí mo fún un sínú rẹ̀, torí pé ó fẹ́ràn orúkọ náà.

Mo ní odindi ìrọ̀lẹ́ kan láti sọ òótọ́, mi ò sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Akọ̀wé gbé báàgì rẹ̀ jáde. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá mi tọ́jú Bàbá." Mo di ilẹ̀kùn mú fún un kó lè ráyè kọjá. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Tèmi ti balẹ̀, ẹlòmíràn ló sì ń ṣa èèpo rẹ̀. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Má sọ fún mi pé kí n lọ jẹ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún ara mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì kí ìyá rẹ dáadáa. Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, ya á.

Fídíò kan tó dé yẹn ò tó ìṣẹ́jú kan. Màmá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí wọ́n ń pe àbíkẹ́yìn wọn kó wá jẹun kí oúnjẹ tó tutù. Ọmọ wọn ti fi í ránṣẹ́ padà sórí fóònù Bàbá. Bàbá ń tẹ̀ ẹ́ látàárọ̀, yàrá wọn sì kángun sí ibi tí mo ti ń kọ́ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń lọ geere báyìí, kò sí ohun tí àwọn ọmọ ò gbọ́. Lánàá, ọ̀kan nínú wọn nawọ́. Ó ní, "Tíṣà, màmá kan ń pe ẹnì kan kó wá jẹun. Kí ló dé tí onítọ̀hún ò dáhùn?" Mo ní kó dojú kọ ìṣirò rẹ̀.

Èmi ṣì ni, tìrẹ nígbà gbogbo,
Tíṣà.